Broiler tí kò mọ ìyá rẹ̀: kí ni synbiotic lè ṣe fún adìyẹ wa ní Ṣakí?

Ẹ wo àgbébọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pamọ lẹ́yìnkùlé yín. Kò pẹ́ tó fi ń tú ilẹ̀ káàkiri, tí àwọn òròmọdìyẹ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń ṣa ohun tó bá tú jáde jẹ. Ìgbẹ́ ìyá wọn wà nínú ohun tí wọ́n ń ṣa yẹn. Ẹ má fajú ro. Inú ìgbẹ́ yẹn ni òròmọdìyẹ ti ń jogún àìmọye bakitéríà tó ti ń gbé nínú ìfun ìyá rẹ̀ tipẹ́, tí wọ́n ti mọ bí èèyàn ṣe ń gbé ilé onílé láì da ilé rú.

Broiler kò rí ogún yẹn jẹ. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi pa ẹyin rẹ̀, níbi tí wọ́n ti fọ gbogbo nǹkan mọ́, tí wọ́n sì ti fín in lóògùn. Ìyá tó yé ẹyin náà wà níbòmíràn. Lọ́jọ́ tí ọmọ jáde gan-an ni wọ́n ti kó o sínú páálí, ó di inú ọkọ̀. Tó bá jẹ́ Ṣakí ló ń bọ̀, apá Ìbàdàn tàbí Ọ̀yọ́ ló sábà máa ń ti gbéra, á gba Ìsẹ́yìn kọjá nínú oòrùn, ojú ọ̀nà náà á sì jù ú síwá sẹ́yìn. Nígbà tó bá fi máa dé, òùngbẹ ti ń gbẹ ẹ́, ìfun rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo bí ilé tuntun tí ayálégbé kankan ò tíì kó sí.

Ta ló máa kọ́kọ́ kó wọlé? Bí adìyẹ yẹn ṣe máa ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó kù, apá tó pọ̀ níbẹ̀ wà lọ́wọ́ ìdáhùn ìbéèrè yìí. Òun náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ synbiotic dá lé lórí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìfun

Ẹni tó bá ti bá wọn fọ ìfun adìyẹ lọ́jọ́ ọdún rí ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ. Níbi tí ìfun kékeré ti pàdé ìfun ńlá, àpò gígùn méjì kan wà níbẹ̀ tí ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni kálukú wọn ní. Ohun tó wà nínú wọn máa ń ki, ó sì máa ń rùn ju ti ibi yòókù lọ. Nínú adìyẹ tó ti dàgbà díẹ̀, gíráàmù kan péré nínú ohun yẹn lè ní bakitéríà tó ju bílíọ̀nù 10 lọ. Iye èèyàn tó wà láyé ò tó bẹ́ẹ̀.

Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Iṣẹ́ tí ìyá alógì ń ṣe nínú ìkòkò ni. Wọ́n ń mú oúnjẹ tí kò dà nínú adìyẹ, wọ́n ń mú un kan, wọ́n ń sọ ọ́ di ásíìdì kéékèèké. Ásíìdì yẹn ń ṣiṣẹ́ méjì. Àkọ́kọ́, Salmonella àti ọ̀pọ̀ E. coli ò fẹ́ràn ibi tó bá kan, bẹ́ẹ̀ ni kì í rọrùn fún wọn láti gbilẹ̀ níbẹ̀. Ìkejì, ọ̀kan lára àwọn ásíìdì náà, tí wọ́n ń pè ní butyrate, ni ògiri ìfun fúnra rẹ̀ ń lò bí oúnjẹ.

Ògiri ìfun yẹn ṣe pàtàkì o. Tí ẹ bá fi ẹ̀rọ awò-mọ́hun-tóbi wò ó, kò dán bíi rọ́bà omi. Ńṣe ló dà bíi tówẹ́ẹ̀lì, pẹ̀lú àwọn ìka wẹ́wẹ́ tó dúró ṣánṣán lára rẹ̀. Bí àwọn ìka yìí bá ṣe gùn tó ni ibi tí oúnjẹ ń gbà wọnú ẹ̀jẹ̀ ṣe máa fẹ̀ tó. Tí àìsàn bá jẹ wọ́n kúrú, adìyẹ á máa jẹun, owó yín á máa wọlé lọ, ìgbẹ́ ló sì máa gba ẹ̀yìn jáde.

Ẹ rántí pé broiler ò ní àkókò láti fi kọ́ṣẹ́. Ó máa ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 40 lọ́jọ́ tó dé. Tí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé, láàárín ọjọ́ 7 ó ti tó ìlọ́po mẹ́rin ìyẹn. Adìyẹ ìbílẹ̀ tó ń jẹ̀ káàkiri ní oṣù mẹ́fà láti fi tún inú rẹ̀ ṣe. Broiler ò ní ju ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lọ tí wọ́n á fi tà á.

Àwọn ará Finland ló jẹ́ kí ayé gbà pé ọ̀rọ̀ ogún ìyá yìí kì í ṣe àlọ́. Ní 1971, Salmonella Infantis ṣọṣẹ́ láàárín àwọn broiler wọn. Nurmi àti Rantala wá mú ohun tó wà nínú ìfun adìyẹ àgbà tó lera, wọ́n fún àwọn òròmọdìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, lẹ́yìn náà ni wọ́n kó Salmonella bá wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti gba ohun inú àgbà yẹn kò kó o. Àwọn tí kò gbà á kó o. Inú ìwé ìròyìn Nature ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1973. Kò sí oògùn kankan níbẹ̀. Àwọn ayálégbé rere ló kọ́kọ́ kó wọlé, àyè ò sì sí mọ́ fún olè.

Probiotic, prebiotic, synbiotic

Orúkọ mẹ́ta yìí jọra débi pé àwọn tó ń ta oògùn adìyẹ gan-an máa ń pè wọ́n mọ́ra wọn. Probiotic ni bakitéríà tàbí ìwúkàrà tó ṣì wà láàyè, tí a fún adìyẹ níwọ̀n tó lè ṣe é lóore. Prebiotic ò ní ẹ̀mí ní tiẹ̀. Oúnjẹ ni, oúnjẹ tí kì í dà nínú adìyẹ fúnra rẹ̀, àmọ́ tí àwọn bakitéríà rere mọ̀ ọ́n jẹ. Gibson àti Roberfroid ló dá orúkọ prebiotic sílẹ̀ ní 1995, inú iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ti sọ̀rọ̀ synbiotic, ìyẹn kí a di méjèèjì pọ̀.

Ó dà bí ìgbà tí a bá ń rán ọmọ lọ sílé ìwé ní ìlú mìíràn. A ò kàn ní í wọkọ̀ fún un ká ní ó dàbọ̀, a máa di gààrí sí i lápò. Ọmọ yẹn ni probiotic, gààrí ni prebiotic. Ní 2020, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lágbàáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ yìí là á sí méjì: synbiotic kan wà tó jẹ́ pé oúnjẹ tí ọmọ yẹn gan-an ń jẹ ni wọ́n dì fún un, òmíràn wà tó jẹ́ pé kálukú ló ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, tí oúnjẹ náà sì lè jẹ́ fún àwọn bakitéríà tí wọ́n ti wà nílé tẹ́lẹ̀.

Èyí tí èmi fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni prebiotic tí wọ́n ń rí lára èèpo ara ìwúkàrà. Ọ̀pọ̀ E. coli àti Salmonella ní ọwọ́ tín-ín-rín tí wọ́n fi ń di oríṣi ṣúgà kan mú lára ògiri ìfun. Ṣúgà yẹn náà ló wà lára èèpo ìwúkàrà. Bí wọ́n bá ti gbá ìwúkàrà mú pẹ́rẹ́, tí wọ́n rò pé ògiri làwọn dì mọ́, ìgbẹ́ ló máa gbé àwọn méjèèjì jáde. Ìjàpá ò lè gbọ́n jù báyìí lọ.

Oògùn inú omi

Lóṣù tó kọjá, mo yà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan tó ń sin broiler lọ́nà Àgọ́-Àrẹ. Omi tó wà nínú rọ́bà àwọn adìyẹ rẹ̀ ti pupa rẹ́súrẹ́sú.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fi sínú omi wọn yìí?"

"Oògùn ni."

"Ṣé àìsàn ń ṣe wọ́n ni?"

"Rárá o. Kó má baà ṣe wọ́n ni. Ìwọ náà ò ṣe mọ̀, òru ọjọ́ kan ṣoṣo ló máa ń gbà."

Mi ò bá a jiyàn. Ẹni tó ti jí lówùúrọ̀ rí tó bá òkú adìyẹ 60 nílẹ̀, tó sì jẹ́ pé owó àjọ ló fi rà wọ́n, ó ní ìdí tó fi ń bẹ̀rù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, oògùn náà máa ń jẹ́ kí wọ́n tètè dàgbà lóòótọ́. Láti nǹkan bíi 1950 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti rí i pé tí wọ́n bá po oògùn apakòkòrò díẹ̀ mọ́ oúnjẹ, adìyẹ á wúwo sí i. Gbogbo ayé tẹ̀ lé wọn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé oògùn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kì í pa gbogbo bakitéríà. Àwọn tí kò lágbára ló ń kú, àwọn ọ̀dájú á kù, wọ́n á sì máa bí sí i. Wọ́n tún lè fún ara wọn ní èròjà tí wọ́n fi ń ta ko oògùn, bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń ta ìdáhùn sí ara wọn nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, kódà tí wọn ò bá tiẹ̀ jẹ́ ìran kan náà. Ní 2015, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Ṣáínà kéde pé àwọn rí irú èròjà bẹ́ẹ̀ lára bakitéríà inú ẹlẹ́dẹ̀, nínú ẹran tí wọ́n ń tà, àti lára èèyàn tó wà nílé ìwòsàn. Colistin ni oògùn tó ń bá jà, oògùn tí àwọn dókítà máa ń fi pamọ́ di ìgbà tí gbogbo ìyókù bá ti kùnà. Ní 2017, Ṣáínà fòfin de pípo colistin mọ́ oúnjẹ ẹran láti fi mú un dàgbà. Ẹ lọ ka ara páálí àwọn oògùn àpòpọ̀ tí wọ́n ń tà fún adìyẹ lọ́jà wa, ẹ lè bá orúkọ yẹn pàdé.

Tí ẹ bá wá rántí pé ìgbẹ́ adìyẹ yẹn kan náà la ń kó lọ sóko ẹ̀fọ́, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò mọ sínú ilé adìyẹ.

Sweden ló kọ́kọ́ fòfin de lílo oògùn apakòkòrò láti fi mú ẹran dàgbà, ní 1986. Gbogbo ilẹ̀ tó wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe bẹ́ẹ̀ láti January 1, 2006. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ wá yá lórí synbiotic, torí àwọn àgbẹ̀ wọn ò fẹ́ pàdánù ìwọ̀n kílò tí wọ́n ti mọ́.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í ṣe bí àwọn tó ń tà á ṣe ń polówó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo èyí tó dára. Awad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde nínú Poultry Science ní 2009. Wọ́n pín òròmọdìyẹ broiler 600 sọ́nà mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún: àwọn kan jẹ oúnjẹ lásán, àwọn kan jẹ probiotic, àwọn tó kù jẹ synbiotic tí bakitéríà Enterococcus àti prebiotic láti ara gbòǹgbò chicory wà nínú rẹ̀. Àwọn tó jẹ synbiotic wúwo ju àwọn méjì yòókù lọ, wọ́n sì lo oúnjẹ wọn dáadáa jù wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n la ìfun wọn wò, àwọn ìka tówẹ́ẹ̀lì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ti gùn sí i.

Ẹ wá wo ti Malaysia ní 2014. Mookiah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo oríṣi Lactobacillus 11 pẹ̀lú prebiotic kan. Probiotic nìkan ṣiṣẹ́, prebiotic nìkan ṣiṣẹ́, synbiotic náà ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n dídì tí wọ́n di méjèèjì pọ̀ kò sọ èrè di ìlọ́po méjì. Tí ẹnìkan bá wá sọ fún yín ní ọjà Sángo pé "méjì nínú ọ̀kan, agbára méjì," ẹ fi iṣẹ́ yìí dá a lóhùn.

Kí ló fà á tí èsì fi ń yàtọ̀? Irú bakitéríà tí wọ́n lò ni àkọ́kọ́, torí Lactobacillus kan ò jọ èkejì. Lẹ́yìn náà ni ibi tí adìyẹ ń gbé. Nínú ilé ìwádìí tó mọ́ tónítóní, tí ooru ò mú, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìṣòro tí synbiotic máa yanjú. Níbi tí nǹkan ti le díẹ̀ ló ti máa ń hàn jù. Ṣakí wá ńkọ́? Ẹni tó bá ti jókòó sábẹ́ páànù ní oṣù March, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, mọ ohun tí adìyẹ ń jẹ níyà. Adìyẹ ò lè làágùn, ńṣe ló ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ̀jẹ̀ á máa sá lọ sí ara òde kó lè tutù, ìfun á sì rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ gbà, ògiri rẹ̀ á máa tú. Mo rò pé ibẹ̀ yẹn ni ó ti lè wúlò fún wa jù, yálà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìrìn àjò, tàbí nígbà ooru. Àwọn tó wà ní Òkè-Ògùn Polytechnic ní Ṣakí àti ní kámpọ́ọ̀sì LAUTECH ní Ìsẹ́yìn ló yẹ kó dán èyí wò nínú ooru tiwa, dípò ká máa dúró de èsì láti ilẹ̀ òtútù.

(Ní Poland, wọn ò tiẹ̀ dúró kí ọmọ jáde. Wọ́n ń gún synbiotic sínú ẹyin lọ́jọ́ 12 tó ti wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn.)

Omidùn ńkọ́?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á bi mí, ẹ jẹ́ kí n tètè dáhùn. Omi tó lé sórí ògì, omidùn, ní Lactobacillus nínú lóòótọ́, ìwúkàrà náà sì wà níbẹ̀. Ní 1994, Olukoya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà yan Lactobacillus tó dáa, wọ́n fi ṣe ògì kan tí wọ́n pè ní DogiK, nítorí ọmọdé tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Nítorí náà, ìyá àgbà tó ń da omidùn sílẹ̀ fún adìyẹ rẹ̀ ò ṣe nǹkan òmùgọ̀. Tí ẹ bá fi èérí ògì kún un, ẹ ti ní ohun abẹ̀mí, ẹ ti ní okùn oúnjẹ tí kì í dà. Lójú, ó jọ synbiotic.

Ó jọ ọ́ ni. Omidùn àná ò rí bíi tòní. A ò mọ iye bakitéríà tó wà nínú ife kan, a ò mọ̀ bóyá èyí tó fẹ́ràn ìkòkò ògì lè gbé nínú ìfun adìyẹ tó gbóná tó nǹkan bíi 41°C, omi kànga tí wọ́n fi ṣe é sì lè ti gbé E. coli wá. Èérí pọ̀ lókùn jù fún ọmọ broiler, tó bá sì ti bu, májèlé ni. Ẹ lè dán an wò fún adìyẹ ìbílẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìnkùlé. Fún broiler 500 tí ẹ fi owó àjọ rà, kò tíì tó ohun tí a lè gbọ́kàn lé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Oúnjẹ ló ń jẹ owó jù nínú iṣẹ́ broiler, ó máa ń tó ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìnáwó. Ká ní adìyẹ 500 lẹ ní, tí kálukú sì wọn kílò 2 lọ́jọ́ tí wọ́n tà. Ẹran kílò 1,000 nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé kílò 1.9 oúnjẹ ló ń di kílò kan ẹran, kílò 1,900 ni wọ́n jẹ. Tí synbiotic bá fà á wá sí 1.8, kílò 1,800 ni. Kílò 100 ló yọ, ìyẹn àpò 4 tó jẹ́ kílò 25. Àpẹẹrẹ ni o, mi ò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni.

Tó bá jẹ́ kílò kan ni ẹni tó ṣe é ní kẹ́ ẹ pò mọ́ tọ́ọ̀nù kan oúnjẹ, ẹ ò ní lò tó kílò 2. Ẹ béèrè iye kílò 2 yẹn, kẹ́ ẹ fi wé iye àpò oúnjẹ 4 lọ́jà lónìí. Tó bá wọ́n ju àpò 4 lọ, ẹ rọra gbé e sílẹ̀ fún un. Àfi tó bá dín òkú kù, ẹ sì ní láti ka òkú kẹ́ ẹ tó mọ̀.

Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pọ̀. Ẹni tó fún adìyẹ ní synbiotic láàárọ̀, tó tún fi oògùn apakòkòrò sínú omi lọ́sàn-án, ti fi owó ara rẹ̀ pa ohun tó rà. Omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da kílórìn sí náà lè pa á. Lactobacillus ò fẹ́ràn ooru: kò dáa kẹ́ ẹ gbé e sábẹ́ páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò àgbàdo. Bacillus le jù ú lọ, torí ó máa ń yí ara rẹ̀ padà di nǹkan bí èso tó gbẹ, tó lè fara da ooru ẹ̀rọ tó ń ṣe oúnjẹ onígún. Àwa tí a ń lọ oúnjẹ lásán ní ẹ̀rọ ìlọta àdúgbò ní Ṣakí kò ní ìṣòro ẹ̀rọ yẹn, ooru ilé ìkẹ́rù nìkan ni tiwa. Ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára páálí, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ sì wò ó bóyá wọ́n kọ orúkọ bakitéríà àti iye rẹ̀ síbẹ̀. Èyí tí kò kọ nǹkan kan ju "agbára ìdàgbàsókè" lọ, ẹ dá a padà.

Kò sì ní wo àìsàn sàn. Newcastle àti Gumboro, abẹ́rẹ́ àjẹsára ni tiwọn. Adìyẹ tó ti ń ṣàìsàn, dókítà ẹran ni kẹ́ ẹ pè, tó bá sì ní kẹ́ ẹ lo oògùn apakòkòrò, ẹ lò ó pé, kẹ́ ẹ sì dúró kí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé kẹ́ ẹ tó tà. Lẹ́yìn oògùn yẹn, nígbà tí ilé tún ti ṣófo, ni synbiotic tún máa ń wúlò.

Ẹ̀gbọ́n ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ yẹn ti gbà láti dán an wò lára àwọn tó máa gbé wá tẹ̀ lé èyí. Pákó la máa fi dá ilé sí méjì. Páálí kan náà la máa pín sápá ọ̀tún àti òsì, oúnjẹ kan náà, omi kan náà, synbiotic lápá kan ṣoṣo, láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ a máa mú adìyẹ 20 lápá kọ̀ọ̀kan láì ṣà wọ́n, a máa wọ̀n wọ́n lórí síkéèlì, a máa kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú iye òkú. Mo ti ní kí ó máa wọn oúnjẹ apá kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ pẹ̀lú, torí ìwọ̀n ara nìkan ò lè sọ fún wa bóyá àpò 4 yẹn wọlé padà.